Wáyà Tó Gba Ọ̀dọ̀ Bàbá Kọjá

Ní ibi iṣẹ́ wa, "ẹ káàárọ̀" nìkan la máa ń kí bàbá mi. A kì í kí wọn ní "ẹ káàsán", "ẹ kúùrọ̀lẹ́" sì jẹ́ èèwọ̀, kódà bí oòrùn bá ń wọ̀ lójú wa. Àlejò tó bá gbọ́ wa á rò pé orí wa ti dàrú. Orí wa pé. Iyè Bàbá ló ń ra, íńtánẹ́ẹ̀tì gbogbo wa sì wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́.

Pílánù ilé la ń yà. Bàbá ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé pẹ́ńsù àti rúlà gígùn ni wọ́n fi ń yà á lórí bébà ńlá, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń pè wọ́n ní Bàbá Rúlà títí dòní. Yàrá mẹ́ta la ní lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tíìlì, eruku ibẹ̀ kì í sì í jẹ́ ká sinmi. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, ló di ọ̀gá nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì. Èmi ń yà, èmi náà ni wọ́n sì máa ń pè tí ẹ̀rọ kan bá kọ iṣẹ́. Agùntáṣóólò ni ayàwòrán kejì. Ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀ kẹ́ ẹ mọ bó ṣe ga tó. Ìyá Ìbejì ni akọ̀wé wa. Ó máa ń dáhùn fóònù bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, àmọ́ kò sí aláàánú bíi tirẹ̀ nínú wa.

Bàbá fẹ̀yìn tì, wọn ò dúró sílé. Nígbà tó yá, wọ́n gbàgbé pé àwọn ti fẹ̀yìn tì. Láràárọ̀ wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n á gbé báàgì awọ wọn, kí n tó jáde wọ́n á ti jókòó sínú mọ́tò mi. Kí ni kí n ṣe? Mo ń gbé wọn lọ. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan kí n fi wọ́n sílé. Ìdí ilẹ̀kùn ni wọ́n jókòó sí títí mo fi dé, báàgì lórí itan, wọn ò fẹnu kan oúnjẹ tí mo gbé sílẹ̀. Ó dùn mí débi pé mo búra fún ara mi pé mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Tábìlì wọn ṣì wà nínú yàrá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kọ̀ǹpútà wọn wà lórí rẹ̀, irú àwọn tó ní àpótí gàgàrà lábẹ́ tábìlì, tí fáànù inú rẹ̀ ń kùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Pílánù ilé kan ló máa ń wà lójú rẹ̀, ilé tí wọ́n ti kọ́ tán tipẹ́, tí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ti bí ọmọ bí ọmọ. Bàbá á gbé ilẹ̀kùn yàrá kan láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Tó bá dọjọ́ kejì, wọ́n á tún gbé e padà. Wọ́n á wá fẹ̀yìn ti àga bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ gidi, inú wọn á dùn, inú tèmi náà á dùn.

Ibẹ̀ la wà tí iná mànàmáná fi ya wọlé lójijì lọ́jọ́ kan, tó jó ráútà wa, ìyẹn àpótí pẹlẹbẹ tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti ìta tó sì ń pín in fún kọ̀ǹpútà gbogbo wa. Bọ̀ọ̀dá ní ká ṣì máa dọ́gbọ́n sí i ná. Tí Bọ̀ọ̀dá bá ti ní ká dọ́gbọ́n, èmi ló ń bá wí. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo rí i pé kọ̀ǹpútà Bàbá lè ṣe iṣẹ́ náà. Wáyà tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì bọ̀ láti ìta, inú yàrá wọn ló gbà wọlé, nítorí nígbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá, wọ́n ní kò sí ohun tí á wọ ilé-iṣẹ́ àwọn tí kò ní kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ àwọn. Mo ṣí àpótí náà, mo fẹ́ eruku inú rẹ̀ títí mo fi ń sín, mo fi ojú ihò wáyà kejì kún ọ̀kan tó ní tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan kọjú sí ìta, ọ̀kan kọjú sí wa. Mo wá fi iṣẹ́ tuntun lé e lọ́wọ́: ohun tó bá ti ìta wọlé, kó gbà á kó fún ẹni tó ni ín; ohun tí a bá fẹ́ rán jáde, kó gbà á kó rán an lọ.

Ó ṣiṣẹ́. Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. Èyí tó tún dùn mọ́ mi ni pé kò dí Bàbá lọ́wọ́ rárá. Iṣẹ́ ráútà ń lọ lábẹ́lẹ̀, pílánù wọn wà lójú kọ̀ǹpútà bó ṣe máa ń wà, wọ́n ń gbé ilẹ̀kùn wọn sọ́tùn-ún sósì. Wọn ò mọ̀ pé gbogbo ohun tí a ń ṣe ní yàrá kejì, iwájú wọn ló ń gbà kọjá.

Mo ti gbàgbé òfin Bàbá. Látìgbà tí wọ́n ti dá ibẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ti ní ẹni tó bá máa jáde kẹ́yìn gbọ́dọ̀ pa gbogbo ohun tó ń lo iná, kó sì yọ wáyà wọn kúrò lára ògiri. Bébà ló kún ibẹ̀ nígbà yẹn, ẹ̀rù iná sì máa ń bà wọ́n. Bàbá ti gbàgbé orúkọ àwọn àbúrò wọn, wọ́n ń béèrè ibi tí ilé ìtọ̀ wà, àmọ́ òfin yìí ò kúrò lọ́kàn wọn. Tí ojú ọ̀run bá ṣú díẹ̀, tàbí tí wọ́n bá tòògbé tí wọ́n jí, wọ́n á ní ilẹ̀ ti ṣú nìyẹn, gbogbo èèyàn ti relé. Wọ́n á dé fìlà, wọ́n á pa kọ̀ǹpútà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, wọ́n á yọ wáyà. Gbogbo wa á wá jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, a ó máa wo ara wa.

Mo gbìyànjú o. Mo ṣe é kí bọ́tìnnì rẹ̀ má lè pa á mọ́. Wáyà ara ògiri ni wọ́n yọ. Mo fi páálí bo ojú ògiri. Wọ́n lọ síbi mítà, wọ́n pa iná gbogbo ilé. Mo jókòó tì wọ́n, mo ṣàlàyé pé ọ̀sán ni, pé kọ̀ǹpútà wọn ló ń gbé iṣẹ́ gbogbo wa. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa, wọ́n ní, "O ṣeun, Ìyá mi." Ìyá mi ni wọ́n ń pè mí láti kékeré nítorí mo jọ ìyá wọn. Mi ò tíì fìdí kan àga mi tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi tún já. Irú nǹkan báyìí máa ń sú èèyàn. Inú á bí ọ, kò sì ní sí ẹni tí wàá bínú sí.

Ìyá Ìbejì ló rí ọ̀nà rẹ̀, láìmọ̀. Ó ń fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni íńtánẹ́ẹ̀tì já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dìde pẹ̀lú ìbínú, ó ní òun máa sọ tẹnu òun lónìí. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, tó rí Bàbá pẹ̀lú fìlà lórí àti báàgì lọ́wọ́, ìbínú náà ò jáde mọ́. Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ló sọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà."

Bàbá wò ó. Wọ́n wo fèrèsé.

"Káàárọ̀, Ìyá Ìbejì. O tètè dé lónìí."

Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n jókòó, wọ́n fi wáyà sára ògiri padà, wọ́n tan kọ̀ǹpútà. Ilẹ̀ ti mọ́ nìyẹn.

Ó wá di bí a ṣe ń ṣe é. Tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ti já, Agùntáṣóólò á pariwo pé, "Ilẹ̀ ti ṣú o!" Ẹni tó bá sún mọ́ ọ̀nà jù á dìde, á lọ kí Bàbá ní ẹ káàárọ̀. Nígbà míì, ẹyọ ẹnì kan kì í tó láti fi dá wọn lójú, àfi kí ẹlòmíì tẹ̀ lé e. Kọ̀ǹpútà náà sì ti dàgbà, kì í tètè jí. Títí yóò fi jí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nídìí tirẹ̀, nítorí náà yàrá Bàbá la máa ń dúró sí. Bàbá á béèrè àwọn ìbejì, bóyá wọ́n ti lọ síléèwé. Wọ́n á ní kí Agùntáṣóólò tẹrí ba kó má baà fọ́ fáànù àwọn. Agùntáṣóólò á tẹrí ba lóòótọ́, á rìn bẹ́ẹ̀ jáde, a ó rẹ́rìn-ín. Bàbá náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á padà sídìí ilẹ̀kùn wọn.

Ká má parọ́, iṣẹ́ ń pẹ́. Àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn kọ̀wé sí wa, a ò fèsì. Bọ̀ọ̀dá ni wọ́n ń ráhùn fún. Òun kì í jókòó, òde ló wà, fóònù rẹ̀ ló fi ń ṣe íńtánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, nítorí náà kò mọ bí a ṣe ń ṣe é nínú ilé. Ó kàn mọ̀ pé Bàbá ń pa kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ kan ó pè mí sẹ́yìn mọ́tò rẹ̀.

"Mo ti gbọ́ tó," ó wí. "Tí íńtánẹ́ẹ̀tì yìí bá tún ba iṣẹ́ kan jẹ́ fún wa, ilé ni Bàbá á máa jókòó sí. A ó wá ẹni tí á máa ṣọ́ wọn."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ ò rí wọn lọ́jọ́ tí mo fi wọ́n sílé."

"Ibi iṣẹ́ nibí. Mo ti sọ tèmi."

Bọ̀ọ̀dá kì í ṣèèyàn burúkú. Tó bá sọ̀rọ̀ báyìí, á máa fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò gbá itan ara rẹ̀, kò ní wo ojú èèyàn. Àmọ́ tó bá ti sọ ọ́, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sáré dìde tí mo bá ti gbọ́ "ilẹ̀ ti ṣú".

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pílánù ilé ìgbẹ̀bí kan. Dókítà tó ni ín fẹ́ fi yàrá kún un, ilé-iṣẹ́ ìjọba ló sì máa fọwọ́ sí i. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ti ń gba pílánù, wọn ò sì ní gba ti ẹnikẹ́ni mọ́ tí wọ́n bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. A ti ń tún un yà láti àárọ̀, nítorí Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun fẹ́ fèrèsé ńlá. Nígbà tí a fi máa parí, oòrùn ti ń lọ sílé. Fáìlì náà wúwo, fóònù ò lè gbé e. Mo tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ, mo jókòó tì í, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀.

Mo ti lọ kí Bàbá ṣáájú. Mo ní "ẹ káàárọ̀", mo fa kọ́tìnnì fèrèsé wọn, mo tan iná yàrá kó mọ́lẹ̀ rekete. Agùntáṣóólò náà ti lọ kí wọn. Kò sí ohun tí a ò ṣe.

Bọ̀ọ̀dá wọlé. Ó ti ọ̀dọ̀ Dókítà bọ̀, inú rẹ̀ dùn, ó ń juwọ́ sí wa láti ẹnu ọ̀nà. Ó ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ló bá rántí pé òun ò tíì rí Bàbá láti àárọ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Ó yà sínú yàrá wọn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete láti orí àga mi.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà."

Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo sáré. Nígbà tí mo fi máa dé ibẹ̀, Bàbá ti dé fìlà.

"Ẹ káàárọ̀ sà!" Mo kúnlẹ̀ gbì. "Bàbá mi, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

Bàbá dúró láàárín àwa méjèèjì. Wọ́n wo èmi, wọ́n wo Bọ̀ọ̀dá, ojú wọn rí bí ojú ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tó le.

"Èwo ni kí n mú?" wọ́n bi wá.

"Kí ló ń ṣe ìwọ yìí?" Bọ̀ọ̀dá yíjú sí mi. "Àárọ̀ wo? Ṣé o ń fi Bàbá ṣeré ni?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí wọn ní ẹ káàárọ̀. Ẹ kàn sọ ọ́."

"Kí n purọ́ fún bàbá mi? Bàbá, ìrọ̀lẹ́ la wà yìí. Ẹ má dá a lóhùn."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ara wọn balẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká Bọ̀ọ̀dá. "Ọmọ mi ọkùnrin ò ní purọ́ fún mi," wọ́n wí. "Ẹ kú iṣẹ́ òní. Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, wọ́n yọ wáyà. Fáànù inú àpótí náà kùn lọ títí, ó dákẹ́.

Ó wù mí kí n fa wáyà náà gbà. Ọwọ́ wo ni mo fẹ́ fi fà á lọ́wọ́ bàbá mi? Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ bí mo ṣe kúnlẹ̀, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ká a dáadáa, tí wọ́n ń fi okùn rọ́bà so ó. Nígbà tí wọ́n gbà láti jókòó, tí a tún tan gbogbo rẹ̀ padà, ilé-iṣẹ́ ìjọba ti ṣíwọ́. Dókítà gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíì.

Mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá lẹ́yìn náà. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ kí wọn ní ìrọ̀lẹ́." Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀.

"Ṣé kí n má kí bàbá mi ni?" ó bi mí.

Títí di ìsinsìnyí ni mo ṣì ń ro ìbéèrè náà.

Ó ra ráútà tuntun. Mo kàn án mọ́ ògiri lókè orí Ìyá Ìbejì, mo fa wáyà ìta kúrò ní yàrá Bàbá gba àjà lọ síbẹ̀. Ó ku ọ̀rọ̀ Bàbá fúnra wọn. Mo bẹ Bọ̀ọ̀dá bí ẹni ń bẹ adájọ́. Mo ní kò sí wáyà ẹnikẹ́ni lára kọ̀ǹpútà wọn mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pa á bó bá ṣe wù wọ́n, kò ní ta bá ẹnikẹ́ni. Mo sunkún pẹ̀lú. Ó gbá itan rẹ̀ títí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́.

"Kí wọ́n máa bọ̀," ó wí. "Kí wọ́n sáà má dí iṣẹ́ lọ́wọ́."

Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti borí.

Íńtánẹ́ẹ̀tì wá ń ṣe dáadáa. Agùntáṣóólò ò pariwo pé ilẹ̀ ṣú mọ́. A ń fèsì lẹ́tà, a ń rán pílánù, àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ń kí wa. Iṣẹ́ sì wá pọ̀ sí i, wọ́n rán mi lọ sí sáìtì kan tí mo ti ń wọn ilẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Mo máa ń já Bàbá sílẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń padà wá gbé wọn tí iṣẹ́ bá parí. Wọn ò ráhùn. Mo rí i pé wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́ nínú mọ́tò, mo ní bóyá ó rẹ̀ wọ́n ni.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ sáìtì tètè parí, mo wọlé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà wọn, Ìyá Ìbejì ń báni jà lórí fóònù. Mo wọ yàrá Bàbá. Kọ̀ǹpútà ti kú. Wọ́n jókòó sórí àga pẹ̀lú fìlà lórí, báàgì wà lórí itan wọn, wáyà tí wọ́n ti ká wà lọ́wọ́ wọn. Oúnjẹ tí mo gbé sílẹ̀ láàárọ̀ wà lórí tábìlì, wọn ò ṣí i.

"Bàbá, kí ló dé?"

Wọ́n gbójú sókè. Wọ́n rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń fi àṣírí kan hàn mí.

"Ìyá mi, mo pa á. Wọn ò wá."

Mo gbé báàgì kúrò lórí itan wọn.

"Mo tún tàn án, mo tún pa á. Mo jókòó. Kò sẹ́ni tó wá kí mi."

Bóyá wọ́n mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé tí àwọn bá pa á, a ó wá, bóyá ara wọn nìkan ló mọ̀ ọ́n, mi ò lè sọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ káàárọ̀. Wọ́n ṣí fìlà. Mo jáde lọ bi Ìyá Ìbejì pé ṣé kò mọ̀ pé Bàbá ti pa kọ̀ǹpútà ni.

Ó gbé fóònù kúrò létí. "Báwo ni mo ṣe máa mọ̀, Àǹtí? Nǹkan kan ò já níbi tèmi." Ó wo yàrá Bàbá, ojú rẹ̀ yí padà. "Háà. Ó ti pẹ́ tí mo wọ ibẹ̀ gbẹ̀yìn."

Mi ò lè bá a jà. Èmi ni mo gbé gbogbo wáyà kúrò níbẹ̀, tí mo sì sunkún kí Bọ̀ọ̀dá lè gbà kí Bàbá máa jókòó síbẹ̀.

Nígbà tí àwọn tó kù relé tán, mo lọ sábẹ́ tábìlì Bàbá. Mo fa wáyà kan láti ara ráútà tuntun wá sí ojú ihò kan lára kọ̀ǹpútà wọn, mo fa òmíràn láti ojú ihò kejì lọ sí kọ̀ǹpútà tèmi. Tèmi nìkan. Mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá lọ́jọ́ kejì kó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ó wò mí, ó ní, "Ìyẹn jẹ́ wàhálà tìẹ," ó wọnú yàrá Bàbá lọ. Mo gbọ́ ọ tó dọ̀bálẹ̀. Mo gbọ́ ọ tó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ káàárọ̀ sà." Àárọ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ mo mọ̀ pé ó ti ronú kó tó sọ ọ́.

Ó lọ dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì mi á já, èmi nìkan ni á já mọ́ lọ́wọ́, mo máa ń dìde. Mo máa ń mú Agùntáṣóólò dání nígbà míì kó lè tẹrí ba. Mo sọ iye iṣẹ́ tí mo ti tún bẹ̀rẹ̀ láti orí nù lásìkò náà, mi ò sì banú jẹ́. Mo máa ń tètí sílẹ̀ de àtijá rẹ̀ bí ẹni ń retí àlejò.

Lẹ́yìn náà, ó ń pẹ́ kó tó já. Mo ní bóyá ojú ọjọ́ ló dára. Lẹ́yìn náà, odindi ọjọ́ kan kọjá, kò já. Mo lọ wò wọ́n. Wọ́n jókòó, kọ̀ǹpútà wà ní títàn, pílánù wà lójú rẹ̀, ọwọ́ wọn ò sí lára máòsì. Ilẹ̀kùn yàrá náà ti wà lápá òsì láti ìjẹta.

Lánàá, àwọn tó kù ti lọ. Ojú fèrèsé ti pọ́n, ó ti ń ṣú. Mi ò fa kọ́tìnnì, mi ò tan iná. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, mo kúnlẹ̀, mo sì fi ohùn rara sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọ́dọ̀ sọ níbẹ̀.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà."

Bàbá yíjú sí mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá mi, ilẹ̀ ti ṣú. Gbogbo èèyàn ti lọ. Àwa la máa jáde kẹ́yìn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," wọ́n wí. Wọn ò wo abẹ́ tábìlì. Wọn ò wá fìlà wọn. Wọ́n ń wò mí pẹ̀lú ẹ̀rín náà, wọ́n ń dúró kí n sọ ohun tí a ó ṣe.

Mo dúró títí, mo ń wo wáyà tó wà lára ògiri, bóyá wọ́n á rántí yọ ọ́. Mo wá dìde, mo padà sídìí kọ̀ǹpútà mi lọ wò ó. Íńtánẹ́ẹ̀tì ń lọ geere.